Àwọ̀ ológbò oníwèé: ẹ jẹ́ ká gbé wọn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó

Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé mo ń sin ológbò, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni "àwọ̀ wo ló dáa jù?" Mi ò bá wọn jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti jókòó níbi tí régbérégbé ti ń jiyàn lórí aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ Ojúde Ọba á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n aṣọ, tó bá sú yín ẹ lè bọ́ ọ. Àwọ̀ ológbò máa ń gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dání wọlé ni: òmíì gbé ọ̀rọ̀ etí dání, òmíì ọ̀rọ̀ oòrùn, òmíì á ti sọ fún yín pé akọ ni àbí abo kẹ́ ẹ tó gbé ìrù ẹ̀ sókè, òmíì sì wà tó jẹ́ pé àwọ̀ tẹ́ ẹ sanwó lé lórí lónìí kọ́ lẹ máa bá lára ẹ̀ tó bá fi máa pé ọdún kan. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ológbò oníwèé, ìyẹn èyí tí ìwé ìran ẹ̀ wà, sì ti kúrò ní kékeré báyìí.

Búlúù pọ̀, Russian Blue ò pọ̀

Ológbò aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń pè ní búlúù, bí wọ́n ṣe ń pè é kárí ayé nìyẹn, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí àwọn tó ń tà á bá ti rí búlúù báyìí, Russian Blue ni wọ́n máa pè é, owó á sì gorí owó. Àwọ̀ kì í ṣe ìran o. Búlúù wà lára oríṣiríṣi ìran, ó wà lára ológbò tó ń rìn kiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Ajé náà, tí ẹnikẹ́ni ò rà tí ẹnikẹ́ni ò tà.

Ẹ gbé mẹ́rin síbi kan kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa. Russian Blue, ara ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ojú ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, irun ẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n ó ki dáadáa, ṣóńṣó irun kọ̀ọ̀kan sì ní fàdákà lórí, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa dán tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. British Shorthair ní tiẹ̀, orí ẹ̀ rí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún, ara ẹ̀ ki pọ́pọ́, ojú ẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ bàbà. Chartreux tí wọ́n ń sìn ní Faransé jọ British débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á ṣì wọ́n pè, ṣùgbọ́n ẹnu tiẹ̀ kéré ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, irun ẹ̀ sì ní ìrí òwú. Korat wá láti Thailand, ojú ẹ̀ aláwọ̀ ewé náà ni, àmọ́ àwọ̀ ewé yẹn lè gbà tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde tán, irun ẹ̀ sì jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, kò ní òwú lábẹ́. Fún ooru tiwa níbí, irun Korat yìí ló wù mí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣòro ẹ̀ ni pé kò wọ́pọ̀ rárá. Tó bá wá jẹ́ Russian àti British ló wà níwájú yín, ẹ wo ilé yín: Russian kì í fẹ́ràn àlejò, ilé tí èrò ń wọ́ wọ́ wá lójoojúmọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa gbé. British máa dúró, á máa wo yín, àmọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbé òun káàkiri.

Bọ̀dá kan pè mí láti Ìpẹru lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Russian Blue pọ́ńbélé ni o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré." Mo ní báwo lojú ẹ̀ ṣe rí? Ó ní ó búlúù. Mo ní àbúrò, gbogbo ọmọ ológbò ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ojú búlúù, búlúù bí ojú ọ̀run, kì í ṣe eérú, ó di bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ojú tó dúró síbi tó fẹ́ dúró sí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ti yá jù láti já a kúrò lẹ́nu ọmú, ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́tàlá ni ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń jẹ́ kó lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá ẹ̀ hàn yín. Wọ́n fi fídíò ránṣẹ́, ojú ìyá ẹ̀ pọ́n bíi bàbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún bámú. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, Russian kọ́.

Ibi tí àwọ̀ ti ń wá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Oje méjì péré, ìyẹn ohun tó ń kun irun láwọ̀, ló wà nídìí gbogbo àwọ̀ ológbò, dúdú àti pupa. Tí ọmọ bá gba jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí tó ń sọ bó ṣe máa rí) tó ń dín àwọ̀ kù lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, dúdú á di búlúù, pupa á di kírímù. Jíìnì míì wà tó ń sọ dúdú di ṣokoléètì tàbí àwọ̀ sínámọ́nì, tí wọ́n bá tún dín ìyẹn kù, ṣokoléètì á di lilac (eérú tó mọ́ tó sì pọ́n díẹ̀), sínámọ́nì á di fawn (búráùn tó mọ́ gan-an). Ẹ lè fi èyí mú ẹni tó ń parọ́: bàbá búlúù àti ìyá búlúù kì í bí ọmọ dúdú. Tí wọ́n bá fi òbí méjì tó jẹ́ búlúù hàn yín tí ọmọ wá dúdú kiriri, òbí ẹ̀ kọ́ nìyẹn, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kọ́.

Funfun kì í ṣe oje kankan. Jíìnì kan ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ dé inú irun, torí náà abẹ́ funfun lè jẹ́ dúdú, ó lè jẹ́ pupa, ó lè jẹ́ abilà, a ò lè rí i. Nígbà míì ọmọ funfun máa ń ní àmì kékeré kan lórí, láàárín etí méjèèjì, àwọ̀ tó fara pamọ́ ló ń yọjú yẹn, tó bá dàgbà á pòórá.

Dúdú àbí funfun?

Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun táwọn ará ilé wa ń sọ nípa ológbò dúdú, bó bá kọjá lóru, àdúrà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà pé nǹkan kan wà lára dúdú tí kò sí lára pupa, ṣùgbọ́n òkò tí ọmọ aládùúgbò máa jù, òkò gidi ni, torí náà ẹni tó bá fẹ́ mú dúdú ní àdúgbò tí kò ní géètì, kó ti mọ̀ pé inú ilé ni ológbò yẹn máa gbé. Ìran tó jẹ́ dúdú nìkan ni wọ́n ń sìn ín fún ni Bombay, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nikki Horner ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kentucky l'Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1959, ó da Burmese pọ̀ mọ́ American Shorthair dúdú torí ó fẹ́ ológbò inú ilé tó máa rí bí ẹkùn dúdú. Irun ẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, ó ń dán, ojú ẹ̀ àwọ̀ bàbà. Ó rọrùn láti tọ́jú.

Ohun tí dúdú máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa ni pé oòrùn máa ń sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú. Tí ológbò dúdú yín bá ń sùn lórí fẹ́ǹsì látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ á pọ́n. Oúnjẹ náà lọ́wọ́ sí i, ológbò tó ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ lásán tí kò rí ẹran àti ẹja jẹ tó, èròjà tí ara ẹ̀ fi ń ṣe àwọ̀ dúdú lè má tó, irun á bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Ẹ fún un lẹ́ja.

Funfun wá ńkọ́? Ó rẹwà, mi ò lè jiyàn ẹ̀, àmọ́ òun ni mo máa ń ní káwọn èèyàn rò lẹ́ẹ̀mejì jù. Jíìnì tó ń jẹ́ kó funfun yẹn náà ló lè ba etí inú jẹ́ láti inú oyún. Nínú 100 ológbò funfun tí ojú wọn ò búlúù, 17 sí 22 ni wọ́n ń bí ní adití. Tí ojú kan bá búlúù, á di 40. Tí ojú méjèèjì bá wá búlúù, á di 65 sí 85. Ẹ tún un kà. Ojú búlúù méjì lára funfun yẹn gan-an ni wọ́n sì ń tà lówó gọbọi jù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé: kí ẹ̀yin àti ọmọ ológbò wà nínú yàrá kan ṣoṣo, kó máa ṣe nǹkan tiẹ̀, kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn ẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, kẹ́ ẹ wá mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ẹ má pàtẹ́wọ́ sítòsí ara ẹ̀, torí ilẹ̀ tó mì àti atẹ́gùn tó fẹ́ lù ú máa jẹ́ kó yíjú, ẹ ó sì rò pé ó gbọ́. Etí ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ojú. Etí ológbò tó gbọ́ á ti yí sẹ́yìn kí orí ẹ̀ tó yí rárá. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún ṣe é nírọ̀lẹ́. Èyí tí etí kan ṣoṣo di máa yege níbí o, torí etí kejì á gbọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ àti etí wò nìkan ló lè fi ìyẹn hàn. Ológbò adití lè gbé ayé tó dùn, inú ilé ni kó sáà wà, torí kò ní gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀.

Oòrùn ni ọ̀rọ̀ kejì. Ṣóńṣó etí funfun, imú àti ìpéǹpéjú ẹ̀ ò ní àwọ̀ tó máa dáàbò bò ó, jẹjẹrẹ awọ ara sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ rí bí egbò kékeré tó ń gbẹ tó tún ń ṣí lẹ́nu etí, àwọn èèyàn á ní ìjà ni ó jà. Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò jinná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB wà l'Ábẹ́òkúta, kò jìnnà sí ará Rẹ́mọ. Ẹ má fi ìpara oòrùn tèèyàn pa á létí o, á lá a, òmíì nínú wọn májèlé ni fún ológbò.

Láàárín méjèèjì, fún oòrùn tiwa yìí, dúdú ni màá mú.

Siamese àti àwọn tó jọ ọ́: ooru ló ń kọ àwọ̀ wọn

Ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù dúdú, ara mọ́. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní point, ó wà lára Siamese, Birman, Ragdoll, àti Persian tí wọ́n ń pè ní Himalayan. Ohun tó ń ṣe àwọ̀ nínú ara wọn kì í lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbóná, ibi tó tutù nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, etí àti ìrù ló sì tutù jù lára ológbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bí wọn ní funfun báláú, torí inú ìyá gbóná, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ohun tó kan wa níbẹ̀ ni pé Siamese tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní ìlú olótùútù, ara ẹ̀ lè ṣú ju ti èyí tẹ́ ẹ máa sìn ní Ṣàgámù lọ. Ti wa máa ń mọ́ jù. Èyí dáa gan-an tó bá jẹ́ ara tó mọ́ lẹ fẹ́. Tí dókítà bá fá ikùn ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, irun tó máa hù síbẹ̀ lè ṣú, torí ibi tí wọ́n fá tutù, ẹ má lọ bá dókítà jà, tó bá pa irun dà, àwọ̀ ẹ̀ á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bó bá sì ṣe ń dàgbà ni gbogbo ara ẹ̀ á máa ṣú díẹ̀díẹ̀.

Nínú Siamese fúnra ẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin ló gbajúmọ̀: seal tó ṣú jù, búlúù, ṣokoléètì, àti lilac tó mọ́ jù. Seal àti ṣokoléètì ni wọ́n máa ń ṣì mú fún ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ẹ wo imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀: ti seal ṣú fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ti ṣokoléètì pọ́n díẹ̀. Ojú gbogbo wọn búlúù títí ayé, ṣùgbọ́n búlúù tiwọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú etí dídi bíi ti funfun, ẹ jẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀. Ragdoll máa ń pẹ́ gan-an, ó lè ju ọdún méjì kí àwọ̀ ẹ̀ tó dúró, ẹni tó bá ń kánjú kó má rà á.

Burmese jẹ́ ìbátan wọn, òun ní tiẹ̀ ṣú káàkiri ara, ìyàtọ̀ àárín ara àti etí ò pọ̀. Ológbò kan tó ń jẹ́ Wong Mau tí Joseph Thompson mú wá sí San Francisco ní 1930 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Burmese l'Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá da Siamese àti Burmese pọ̀, Tonkinese lẹ máa rí, tó wà láàárín.

Tabby mẹ́rin

Ológbò abilà ni wọ́n ń pè ní tabby, gbogbo wọn ló ní lẹ́tà M níwájú orí. Mackerel ni ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn sí ikùn. Classic ni ilà ńlá tó ń lọ́ po, tó máa ń ṣe òbírípo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó pọ̀ lára American Shorthair àti Maine Coon. Spotted ni tóótòòtó, Egyptian Mau, Ocicat àti Bengal ló ni ín. Ticked ò ní ilà lára rárá, irun kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele àwọ̀ méjì mẹ́ta nínú ara ẹ̀, ẹ wo Abyssinian.

Ní 2012 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí jíìnì tó ya mackerel sọ́tọ̀ sí classic, wọ́n wá rí i pé jíìnì yẹn náà ló ń sọ tóótòòtó ara cheetah di ilà gbọọrọgbọọrọ tí wọ́n ń rí lára èyí tí wọ́n ń pè ní king cheetah. Mackerel ló lágbára lórí classic: mackerel méjì lè bí classic, classic méjì kì í bí mackerel. Ẹ tún fi ìyẹn yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò.

Bengal ni wọ́n ń bèèrè jù báyìí, torí awọ ara ẹ̀ jọ ti ẹkùn. Ológbò inú igbó Éṣíà kan ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ológbò ilé, Jean Mill ní California ló ṣiṣẹ́ jù lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ rí i pé ó ti tó ìran kẹrin sí ti inú igbó yẹn, ìran àkọ́kọ́ sí ìkẹta kì í ṣe ti inú pálọ̀. Kó tó pé bí oṣù mẹ́ta mẹ́rin àwọn àmì ara ọmọ Bengal máa ń ṣú bàìbàì fúngbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ wò ó lásìkò yẹn ẹ ò ní rí ẹwà ẹ̀, ẹ wo ìyá àti bàbá. Tí ẹ ò bá sì ní àkókò láti bá a ṣeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Abyssinian... rárá, òun náà kì í jókòó. Ẹ mú British silver tabby.

Pupa, tortie àti aláwọ̀ mẹ́ta

Jíìnì pupa wà lórí X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó ń gbé jíìnì nínú ara, tí òun àti Y ń sọ bóyá akọ ni ẹranko àbí abo. Akọ ní X kan, torí náà tó bá ti gbà á, pupa ni. Abo ní méjì, ó gbọ́dọ̀ gbà á lórí méjèèjì kó tó pọ́n látòkèdélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí akọ fi pọ̀ jù nínú àwọn pupa. Ní 2025 ni àwọn onímọ̀ ní Japan àti Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé apá kékeré kan tó já kúrò lórí X, lẹ́bàá jíìnì ARHGAP36, ló fà á. Tí wọ́n bá sì ní "pupa tí kò ní ilà kankan", ẹ tú irun iwájú orí ẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀, M á wà níbẹ̀, torí jíìnì tó ń pa ilà rẹ́ kì í ràn lórí oje pupa.

Abo tó gba pupa lórí X kan tó gba dúdú lórí èkejì ni tortie. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀, X kan ti pa, èkejì ń ṣiṣẹ́, èyí tó pa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, òun ló fi ní pupa níbí, dúdú lọ́hùn-ún. Tó bá tún ní funfun, aláwọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Kò sí méjì tó máa jọra láé. Nígbà tí Yunifásítì Texas A&M ṣe ẹ̀dà ológbò àkọ́kọ́ láyé ní December 2001, aláwọ̀ mẹ́ta tó ń jẹ́ Rainbow ni wọ́n lò, ẹ̀dà ẹ̀ CC jáde láìní pupa kankan lára. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun máa bá yín wá "èyí tó rí gẹ́lẹ́ bíi ti fọ́tò yìí", kò lè ṣe é.

Tí wọ́n bá mú akọ tortie wá tí wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n, kẹ́ ẹ sanwó jù: òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n, X méjì àti Y kan ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni kì í lè bímọ. Ẹ mú un tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá jẹ́ fún sísìn, ẹ fi sílẹ̀.

Sílífà, smoke, chinchilla

Sílífà ni àwọ̀ tó jẹ́ pé ìdí irun funfun, torí náà ìdí irun lẹ máa wò. Ẹ fi ìka méjì ya irun ọrùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fẹnu fẹ́ ẹ díẹ̀. Tí ìdí bá funfun tó sì jẹ́ ṣóńṣó nìkan ló ṣú, chinchilla ni. Tí àwọ̀ bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú irun tó wá jẹ́ pé ìdí nìkan ló funfun, smoke ni, tó bá dúró jẹ́ẹ́ ẹ máa rò pé dúdú ni, tó bá rìn lẹ máa rí funfun abẹ́. Persian chinchilla lẹ́wà, ojú ẹ̀ àwọ̀ ewé, wọ́n dà bíi pé wọ́n lé tìróò. Àmọ́ irun Persian, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á, imú ẹ̀ tó tẹ́ kì í jẹ́ kó mí dáadáa nínú ooru, tí iná bá lọ tí fáànù dúró, àwọ̀ kankan ò lè bá a ṣe é.

Àmì fàdákà lára ọmọ kékeré lè má jẹ́ sílífà rárá o. Tí ìyá bá ṣàìsàn tàbí tí ibà mú un nínú oyún, ọmọ lè jáde pẹ̀lú irun eérú aláfàdákà tó máa pa dà di dúdú tàbí abilà kó tó pé ọdún kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń pe irú ẹ̀ ní smoke.

Ìwé wá ńkọ́? Tí wọ́n bá ní "ó níwèé", ọ̀pọ̀ ìgbà káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n máa nawọ́ ẹ̀ sí yín. Ìyẹn ṣe pàtàkì, àmọ́ ìwé ìran kọ́. Ìwé ìran ni èyí tí ẹgbẹ́ bíi CFA ti Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, GCCF ti Ìlú Ọba, 1910, tàbí TICA, 1979, fi sílẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá dé orí àwọn baba ńlá wà nínú ẹ̀, àwọ̀ àti ọ̀nà ara kálukú sì wà níbẹ̀. Ẹ ka àwọ̀ àwọn òbí yẹn, kẹ́ ẹ fi wé ọmọ tó wà níwájú yín pẹ̀lú ohun tí mo ti sọ nípa búlúù méjì àti classic méjì. Nọ́ńbà kan wà lórí ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó fi í sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó.